Káàdì Tí Wọn Kò Ṣí

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí ọ̀sà, ẹni tí ó lo ìgbà agbára rẹ̀ lókè òkun, tí ó sì padà wálé nígbà tí irun rẹ̀ ti funfun. Ìyàwó tí ó fẹ́ lọ́hùn-ún ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ní ilé tiwọn. Ó fi ọ̀dà funfun kun ilé bàbá rẹ̀, ó gbé àga síwájú fèrèsé, ó sì ń wo omi.

Obìnrin kan wà ní ìlú náà pẹ̀lú, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, opó. Nígbà èwe wọn, ọkùnrin yìí ti ṣèlérí pé òun yóò fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ òkun gbé e lọ, ìlérí náà kò sì bá a padà. Obìnrin náà fẹ́ ẹlòmíràn, ó bímọ, ó sin ọkọ rẹ̀. Ní báyìí tí ọ̀nà wọn tún pàdé, ọkùnrin náà ní kí ó wá di aya òun. Obìnrin náà kò kọ̀, kò sì tíì gbà. Ó ní kí ó ní sùúrù kí òjò ọdún náà rọ̀ tán, òun yóò fún un lésì.

Faranda ògbólógbòó atukọ̀ kan ni wọ́n ti ń pàdé. Orí omi ni baba yìí ti kọ́ eré káàdì tí wọ́n ń pè ní pókà. Kò gba owó láyè lórí tábìlì rẹ̀. Ọmọ ayò ni wọ́n fi ń ta á. Olúkúlùkù a gba káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí, baba a sì máa ṣí àwọn mìíràn sáàárín tábìlì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá dára lè dà á sílẹ̀ kí ó jáde. Bí ó bá ti ku ẹnì kan ṣoṣo, ó parí nìyẹn. Káàdì tí ó kàn láti ṣí yóò padà sínú àkójọ láìsí ẹni tí yóò wò ó. Òfin inú ọkọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò lè fi káàdì náà sílẹ̀. Nígbàkígbà tí ó bá ti jáde, a bẹ baba pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí òun wo èyí tí wọn ì bá ṣí. Baba a kùn, a ní, "Àbúrò, ká ní inú ọkọ̀ la wà, wọn ì bá ti jù ọ́ sómi." Síbẹ̀ a ṣí i fún un, nítorí pé ó ṣì kà á sí àlejò. Bí káàdì náà kò bá wúlò, inú ọkùnrin náà a dùn. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó ń wá, ojú rẹ̀ a fà ro bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ kó.

Bí ó ti ń ṣe nídìí káàdì ni ó ń ṣe lójú ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́, bí ó bá ń sin obìnrin náà lọ sílé, tí kùrukùru ń dìde lórí ọ̀sà, tí ọkọ̀ àwọn apẹja sì dà bí ohun tí ènìyàn rí lójú oorun, a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Bí òun kò bá lọ ńkọ́? Irú ilé wo ni àwọn ì bá kọ́? Orúkọ wo ni àwọn ì bá sọ àkọ́bí àwọn? Lákọ̀ọ́kọ́, obìnrin náà ń dá a lóhùn. Ó tilẹ̀ mú orúkọ kan wá, Fèyíṣayọ̀. Orúkọ náà wọ ọkùnrin náà lára débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú ohùn tí ọmọ náà ì bá ní, àti bí ì bá ti máa sáré lórí yanrìn. Ó dùn mọ́ ọn bí àlá ìdájí. Obìnrin náà, tí ó ní àwọn ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀, di ẹni tí ń rìn láìsọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wínníwínní, ọkùnrin náà da káàdì rẹ̀ sílẹ̀, baba da tirẹ̀, obìnrin náà sì kó ọmọ ayò. Ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Baba ṣí káàdì náà. Ọba ni, ọba gan-an tí ó ń retí.

"Ẹ wò ó," ni ó wí. "Ká ní mo dúró ni."

Baba tún káàdì pín. Ọkùnrin náà gbé tirẹ̀, ó wò wọ́n bí ẹni ń wo ògiri, ó sì dà wọ́n sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ọba tí ó ti kọjá.

Obìnrin náà wá ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó na ọwọ́, ó ṣí káàdì tí ọkùnrin náà dà sílẹ̀. Ayaba méjì ni. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, irú káàdì tó dára bẹ́ẹ̀ kò tíì bọ́ sí ọkùnrin náà lọ́wọ́. Baba, ẹlẹ́nu òfin, gbójú kúrò níbẹ̀.

"Àdìgún," obìnrin náà fi oríkì pè é, ohùn rẹ̀ kò sì le. "Ọmọge àtijọ́ tí ò ń bi mí léèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n mọ́. Èyí tó jókòó tì ọ́ yìí, o ò tíì bi í ní nǹkan kan."

Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Ọkùnrin náà jókòó, ó gbà pé èsì tí òun ń retí ti dé, pé obìnrin náà ti kọ̀. Baba fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Àbúrò, tìrẹ yìí ṣì wà lórí tábìlì. Dìde."

Ó bá a níbi àtẹ̀gùn òkúta tí ó sọ̀ kalẹ̀ sétí omi. Kùrukùru ti gbé òdìkejì ọ̀sà mì. Ìbéèrè àtijọ́ wá sí i lẹ́nu, ó sì dá a dúró níbẹ̀. Ó wo obìnrin náà bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà náà ni ó rí i pé ó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì, àti pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yìí gan-an ni òun ti ń rìn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé orúnkún ń dùn ọ́ ni?"

Obìnrin náà dúró. "Ó ti pẹ́," ni ó wí.

"Ta ló ń bá ọ fi òróró ra á?"

"Ọmọ mi obìnrin ni. Ọwọ́ rẹ̀ sì le bíi ti ẹni tó ń fọ ìkòkò."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó na apá sí i, obìnrin náà sì dì í mú. Wọ́n rìn pẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí pé obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Òjò kò tíì dáwọ́ dúró nígbà tí ó fún un lésì, ó sì gbà. Wọ́n ṣì ń ta káàdì lọ́dọ̀ baba. Nígbà mìíràn, baba a di káàdì tí wọn kò ṣí mú, a wo ojú ọkùnrin náà bóyá yóò bẹ̀. Ọkùnrin náà a mi orí, káàdì náà a sì padà sínú àkójọ.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, mo mọ̀ pé ìwọ náà ní káàdì kan tí o ń bẹ ayé pé kí ó ṣí fún ọ: iṣẹ́ tí o kọ̀, ìlú tí o fi sílẹ̀, ẹni tí o kò fẹ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọba, ìwọ kọ́ ni ó ń dúró dè. Jẹ́ kí ó padà sínú àkójọ. Nígbà tí o bá délé nírọ̀lẹ́ òní, wo ẹni tí ó bá ṣílẹ̀kùn fún ọ dáadáa, kí o sì bi í bí orúnkún rẹ̀ ti ń ṣe é.