Òkété àti Ihò Iṣu Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ yé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin àgbà, bí mo bá ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń dáná, tí wọ́n sì ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé bí àwa náà ti ń ṣe, Òkété ń bẹ láàárín wọn. Ó lẹ́nu, kò lọ́kọ́. Bí òjò bá rọ̀, tí gbogbo ẹranko gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, Òkété a ní ẹ̀yìn ń dun òun. Wọ́n ń gbin ilá, ẹ̀yìn ń dùn ún. Wọ́n ń kọ ebè, ẹ̀yìn ń dùn ún. Àmọ́ jẹ́ kí ọbẹ̀ ta sánsán nílé ẹnì kan! Ẹ̀yìn á yá, ẹsẹ̀ á yá.

Ẹ̀ẹ̀rùn wá dé. Àwẹ̀ró, ìyàwó Òkété, tú gbogbo ilé, kò rí ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ kan.

"Baálé mi, ìkòkò ti dojú dé o."

Òkété dìde, ó di ilé Ìyá Ẹtu. Ìyá Ẹtu ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọ méjì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀fọ́ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ẹtu."

"Òo, Bàbá Òkété. Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ó ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe sí ẹ̀fọ́ yìí?"

Ìyá Ẹtu kò ní ahun. Ó ní, "Omi tí mo fi ṣan iṣu, omi tí mo fi fọ ẹ̀wà, n kì í dà á nù. Ìdí ẹ̀fọ́ ni mo ń dà á sí. Bí kòkòrò bá ń jẹ ewé, mo máa ń ku eérú sí i láàárọ̀, kí ìrì tó gbẹ."

"Bí iyọ̀ bá wá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ gé iṣu tútù sí i, kó hó díẹ̀, kí ẹ wá yọ ọ́. Iṣu á ti fa iyọ̀ mu."

Ó bu oúnjẹ fún un, Òkété jẹun yó.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Òkété jókòó sí iwájú ilé rẹ̀, ó ń kígbe pé, "Ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná bá rú lójú, kó wá! Kó má sáà wá lọ́wọ́ òfo!"

Òòrẹ̀ gbé ọbẹ̀ oníyọ̀ wá. Òkété ní kó gé iṣu sí i. Ọbẹ̀ dùn. Ọ̀bọ wá sọ pé kòkòrò ń jẹ ilá òun. Òkété ní kó ku eérú. Kòkòrò sá. Ẹ̀kọ ń wọlé, àkàrà ń wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété ń wú. Kò sì dárúkọ Ìyá Ẹtu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ká ní ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ níbẹ̀, à bá ti lọ sùn. Àmọ́ ikùn Òkété kò mọ̀wọ̀n.

Lọ́jọ́ kan Ehoro dé. "Bàbá Òkété, iṣu mi ń jẹrà nínú àká. Kí ni ká ṣe?"

Òkété kò mọ̀ ọ́n. Ó wo ilẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sí i, ẹ kó iṣu sí i, ẹ bò ó. Ẹ má ṣí i wò títí òjò á fi rọ̀ o! Ẹni tó bá ṣí i pẹ́nrẹ́n, tirẹ̀ á jẹrà."

Gbogbo ìlú gbẹ́ ihò. Ìyá Ẹtu náà gbẹ́ tirẹ̀. Èèbù tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, tí yóò fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ló kó sí i.

Òkété wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ wàràwàrà.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Iṣẹ́ oko ló ń dun ẹ̀yìn. Iṣẹ́ ikùn kì í dùn ún."

Abẹ́ ilẹ̀ ló gbà kó iṣu Òòrẹ̀. Ó kó ti Ọ̀bọ. Ó kó ti Ehoro. Àwọn olóko wà lóko, wọn kò fura.

Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́. "Ẹ má dé ti Ìyá Ẹtu, baálé mi. Ẹni tó bọ́ wa ni."

"Tirẹ̀ ló dára jù," ni Òkété wí, ó sì gba abẹ́ ilẹ̀ lọ.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Ìyá Ẹtu kì í tọ́jú èèbù lásán. Ó ti gún ata gbígbẹ pọ̀ mọ́ eérú, ẹ̀kún igbá kan, ó sì ti kù ú sórí èèbù náà. Kò dẹ pàkúté fún ẹnikẹ́ni. Kòkòrò ló ń lé.

Ọ̀sán gangan ni. Òkété ti orí bọ ihò náà, ó fi èèbù kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fi kan sí ti òsì. Ó fa ẹ̀kẹta. Ata ya lù ú lójú, ó ya lù ú nímú.

"Hàáṣín! Hàáṣín!"

Ìyá Ẹtu tó ń fún ọmọ lọ́yàn ní ilé ìdáná fò sókè.

"Ẹ gbà mí o! Ilẹ̀ ń sín!"

Gbogbo ẹranko sáré dé. Ọ̀bọ bá dá orin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gbè é pé "Tìrìgbò."

Ilẹ̀ tó ń sín, ta ló wà nínú rẹ?
Tìrìgbò.
Ṣé kòkòrò ni, àbí ẹbọra?
Tìrìgbò.
Bóo bá lórúkọ, dá wa lóhùn o.
Tìrìgbò.

Ohùn kan dáhùn tòun ti èèbù lẹ́nu: "Èmi Ilẹ̀ ni! Ẹ padà sí... hàáṣín!"

Ehoro ní, "Ilẹ̀ wo ló ń jẹ iṣu lẹ́nu báyìí?"

Òòrẹ̀ fi ọkọ́ wú ilẹ̀, wọ́n fa Òkété jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Ehoro sáré ṣí ihò tirẹ̀, òfìfo. Òòrẹ̀ ṣí tirẹ̀, òfìfo. Ni wọ́n bá gbé igi.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá Ẹtu wí. Ó bu omi tútù, ó ṣan ojú Òkété títí ojú náà fi là. "Ẹ wò mí dáadáa, Bàbá Òkété. Nígbà tí ebi ń pa yín, mo bu oúnjẹ fún yín. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ fún yín. Kí ni mo fi dù yín tẹ́ ẹ fi wá gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi?"

Igi ì bá sàn fún Òkété ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Ó tu èèbù méjèèjì sílẹ̀, ó dojúbolẹ̀.

Wọ́n ní kó dá gbogbo iṣu tó kù padà. Èyí tó ti jẹ, kó fi ebè san án. Nígbà tí òjò rọ̀, Òkété kọ ebè nínú oko gbogbo wọn, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró ń gbé omi tẹ̀lé e. Lẹ́yìn tó san gbèsè náà tán, ìtìjú ojú ọ̀sán náà ni kò jẹ́ kó lè máa rìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, tó fi jẹ́ pé òru ló ń jáde títí di òní.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: ẹni tó bá kọ́ yín ní ọgbọ́n kan, ẹ má fi ọgbọ́n náà gbẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ wà lójúfò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ má ṣí ìkòkò yín wò, ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí i.