Ìborùn Ìbíwùmí àti Kòkòrò Ṣẹ́dà

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àbí ẹ ti ń sùn ni? Ààlọ́ o!" ni Ìyá Àgbà tún pè.

"Ààlọ̀ ò!" ni àwọn ọmọ tó yí i ká dáhùn.

Ní ìgbà kan rí, Olorì ń wọ agbo ilé Ìbíwùmí bọ̀, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ìbíwùmí ni ó ń ya ọnà sára ìborùn ṣẹ́dà ní ìlú náà. Ìyẹ́ adìẹ ni ó ń tì bọ ẹ̀kọ láfún, tí ó fi ń yà á. Bí ẹ̀kọ náà bá gbẹ, yóò rẹ aṣọ náà láró. Ibi tí ẹ̀kọ wà yóò funfun, ibi tó kù yóò dúdú.

"Ẹ káàbọ̀, Olorì. Ẹ jókòó, mà."

"Jókòó kẹ̀? Ọ̀túnla ni wọn yóò sin ọmọ mi lọ sílé ọkọ. Ìborùn rẹ̀ ni mo bá wá. N kò fẹ́ ọnà ọ̀kín o! Gbogbo ọrùn ìlú yìí ló ti wọ ọ̀kín. Ó ku ewúrẹ́ mi."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

"Bí n kò bá rí ọnà tuntun lọ́la, iṣẹ́ ààfin kúrò lọ́wọ́ rẹ nìyẹn."

Àyà Ìbíwùmí já. Ìyá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ ààfin lé e lọ́wọ́ kí ó tó kú. Ó gbé ṣẹ́dà funfun kan kọ́ èjìká, ó di inú igbó.

Ó pàdé Ẹkùn. "Èmi ni kí o yà! Ta ló ní àmì tó tèmi?"

"Baba Ẹkùn, ìyá mi ti yà yín títí ó fi sú u."

Ó pàdé Ejò. "Èmi ńkọ́?"

"Ìyàwó Balógun ló wọ̀ yín lánàá."

Ó rẹ Ìbíwùmí. Ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó ń nu ojú. Nǹkan kékeré kan já bọ́ sórí ṣẹ́dà rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a dànù.

"Má gbá mi o! Ìwọ tí o gbé ilé mi kọ́ èjìká!"

"Ilé ta?"

"Ilé mi ni! Ẹnu mi ni òwú ṣẹ́dà yẹn ti jáde. Ẹ kó o lọ, ẹ ya ọ̀kín sí i. Ṣé ọ̀kín ran òwú rí ni?"

Kòkòrò ṣẹ́dà ni. Ojú ti Ìbíwùmí. Láti kékeré ló ti ń fọwọ́ kan ṣẹ́dà, kò wo ojú ẹni tó ni ín rí.

"Ẹ máà bínú," ló wí.

Kòkòrò gun orí ewé padà, ó ń jẹ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

"Etí ewé ni mo mú."

"Jẹ díẹ̀, fi díẹ̀ sílẹ̀!"

"Àárín ewé ni mo wọ̀."

"Jẹ díẹ̀, fi díẹ̀ sílẹ̀!"

"Ilé òwú ni mo ń kọ́."

"Jẹ díẹ̀, fi díẹ̀ sílẹ̀!"

Ìbíwùmí wo ṣẹ́dà tó bọ́ sí itan rẹ̀. Oòrùn ń gba ihò ara ewé náà kọjá, ó ń bọ́ sórí ṣẹ́dà: àmì kéékèèké, àmì gígùn, kò sí méjì tó jọra.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ewé kan."

"Mú èyí tí mo ti dá ihò sí. Èyí tó kù, oúnjẹ mi ni."

Ó sáré délé. Ó gbé ewé náà sójú oòrùn, ó ń fi ẹ̀kọ tọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí.

"Ìyá Àgbà, kò ya ewé ni?" Àdùfẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, béèrè.

"Ihò ló ń yà, ọmọ mi."

Ní ọjọ́ kejì, Olorì dé. Ìbíwùmí tẹ́ ìborùn náà.

"Kí ni èyí?"

"Ewé tí kòkòrò jẹ kù ni, mà."

Olorì gbé ìborùn náà. Ó nà án sí oòrùn, ó wò ó títí. Ó wé e mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ìyàwó ńkọ́?" ni àwọn ọmọ pariwo.

"Kí ilẹ̀ tó ṣú ni ìránṣẹ́ ààfin dé pé kí Ìbíwùmí tètè ya ti ìyàwó, kí ó sì ya mẹ́fà mìíràn fún àwọn olorì tó kù."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí a fara balẹ̀ wo nǹkan kékeré tó wà nítòsí wa, kí a tó máa wá ẹwà kiri. Kí a sì mọ ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ iṣẹ́ tiwa.

"Mo ti ká àlọ́ mi nílẹ̀. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ahọ́n mi dúdú bí aró."

Ìyá Àgbà na ahọ́n sí wọn, ó pọ́n rokoso. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó wọlé.