Ìkòkò Omi tí Ògúnkẹ́yẹ Tò Sórí Àpáta

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù." Ọmọdé tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni yóò pa á. Ta ní í da omi sílẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀? Omi tí obìnrin rìn jìnnà kó tó pọn, tí ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká lábẹ́ rẹ̀, ṣé ojú ọ̀nà ló yẹ ká máa dà á sí? Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Alágbẹ̀dẹ ni. Ọmọ ló ń wá.

Ìlú Ìdí-Àpáta ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Àpáta ńlá kan tẹ́ pẹrẹsẹ sí àárín ìlú náà bí ẹní, ó sì pín in sí méjì. Agboolé àwọn alágbẹ̀dẹ wà ní apá kan. Ní apá kejì, lẹ́bàá odò, ni Ìyá Láwọyin ń gbé, àgbà obìnrin tó ń gbẹ̀bí fún gbogbo ìlú. Irà ló wà lọ́tùn-ún lósì àpáta náà, nítorí náà orí rẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń gbà kọjá. Láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ti kan àtàrí, àpáta yẹn á gbóná bí agbada àkàrà. Aboyún tí ìrọbí bá mú lọ́sàn-án, abẹ́ igi òro tó wà létí àpáta ni yóò jókòó sí títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè dúró, ibẹ̀ náà ni wọn yóò bí i sí, láìsí agbẹ̀bí. Àwọn kan yè é. Àwọn kan ò yè é.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ni àwọn ará ìlú ń wí, wọn a sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ògúnkẹ́yẹ ni ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá jù nínú àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú náà, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀. "Èmi àti iná, ọmọ ìyá kan náà ni wá," ni ó máa ń wí. Láti òwúrọ̀ dalẹ́ ló máa ń jókòó síwájú iná, kèrègbè ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló ń ru èédú wá fún un láti inú igbó. Nígbà tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ lóyún, orí èédú ni oyún náà bá a, ibẹ̀ náà ló sì ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Kò pẹ́ tó dìde ló tún gbé agbọ̀n èédú. Ó lóyún kejì, ìyẹn náà wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò tún lóyún mọ́.

Ìbíyẹmí, ẹ̀gbọ́n Ògúnkẹ́yẹ, obìnrin ẹlẹ́nu mímú tó ti bímọ rẹpẹtẹ, kò jẹ́ kí Àwẹ̀ró sinmi. "Ìyàwó, má jókòó gẹlẹtẹ. Tètè wá òmíràn kí ẹnu ayé tó bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ kan, kí oòrùn tó mú, Àwẹ̀ró gba orí àpáta lọ bá Ìyá Láwọyin. Ìyá náà fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ wò, ó wo èékánná rẹ̀, ó ní, "Kí lo jẹ lánàá?"

"Ẹ̀kọ ni, Ìyá."

"Kí lo fi jẹ ẹ́?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìkánjú ni mo fi jẹ ẹ́."

Ìyá Láwọyin kò rẹ́rìn-ín. "Ara rẹ ti gbẹ, ọmọ mi. Oyún méjì ti bá ara yìí jà, o ò sì jẹ́ kó mí. Àlejò tí à ń retí, ṣé ìgbà tó bá wọlé tán la tó ń gbálẹ̀ dè é? Sọ ẹrù èédú kalẹ̀. Máa jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, máa jẹ ẹ̀wà, jẹ ẹja, jẹ ẹyin bí o bá rí i. Máa sùn. Fi òṣùpá máa ṣọ́ nǹkan oṣù rẹ, kí o lè mọ ìgbà tí ara rẹ máa ń rọ̀ fún ọmọ. Má sì sáré wá oyún kankan títí òjò yóò fi dá." Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Nígbà tó o bá tún ń bọ̀, mú ọkọ rẹ lẹ́yìn."

Nígbà tí Àwẹ̀ró jíṣẹ́ yìí nílé àgbẹ̀dẹ, Ògúnkẹ́yẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Èmi kẹ̀? Ìgbà wo ni mo lóyún tó bàjẹ́ lára mi?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ ṣáà bá mi lọ gbọ́ ohun tí ìyá fẹ́ sọ."

"Ọ̀rọ̀ obìnrin, kí obìnrin máa bá obìnrin sọ ọ́. Irin mi wà nínú iná."

Àwẹ̀ró dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì mì. Ó ní, "Ọkọ mi, n kò ní fi ara tó ti rẹ̀ yìí gbé oyún kẹta lọ síbi tí méjì lọ. Mò ń lọ sílé bàbá mi, mo fẹ́ lọ sinmi. N kò kọ̀ yín. Ọjọ́ tí ẹ bá ti ọ̀dọ̀ Ìyá Láwọyin dé, ẹ wá mú mi."

Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ìbíyẹmí ní kí àbúrò òun fẹ́ ẹlòmíràn, pé obìnrin kò wọ́n nílùú. Ògúnkẹ́yẹ padà sídìí iná. Ó ń lu irin, àmọ́ ìró òòlù náà kò dùn létí rẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé lọ wá ohun tí yóò jẹ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti rí ọ̀já kan tí Àwẹ̀ró hun nígbà oyún àkọ́kọ́, tó ká a jọ, tó fi sínú igbá kékeré, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dì í mú. Ó tún un ká bó ṣe bá a. Ó wá jáde láìbojú wo oòrùn, ó di orí àpáta.

Kò tíì dé ìdajì nígbà tí àpáta fi han ọmọ ìyá iná pé ẹ̀gbọ́n ni òun. Ọkùnrin náà ń fò, ó ń ta, ó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó tún ń fi èkejì sáré.

Ìyá Láwọyin jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń wò ó bọ̀. "Alágbẹ̀dẹ, ijó wo lò ń jó bọ̀ yẹn?"

"Ẹ má bú mi, Ìyá. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó."

Ìyá náà gbé omi síwájú rẹ̀, ó ní kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó jẹ́ kí ara tù ú dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

"Kí o tó ti irin bọ iná, kí lo máa ń ṣe?"

"N ó ṣa èédú. N ó yẹ ẹwìrì tí mo fi ń fẹ́ná wò. N ó pọn omi kún ìkòkò tí n ó ti irin bọ̀."

"O ò lè ti irin bọ iná ná, kó o tó máa wá omi kiri?"

"Háà, Ìyá! Irin yẹn á bàjẹ́ ni."

"Mo gbọ́." Ìyá Láwọyin tẹjú mọ́ ọn. "Láti òwúrọ̀ dalẹ́, iwájú iná lo kọ abẹ́ ikùn rẹ sí. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lò ń mu bí ẹni mu omi. Àgbàdo tí a bá ti yan, Ògúnkẹ́yẹ, bí kò bá hù, ṣé ilẹ̀ la ó bá wí?"

Ọkùnrin náà yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi. "Èmi náà ni?"

"N kò ní ìwọ nìkan. Ẹ̀yin méjèèjì ni. Àmọ́ òun ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀."

Ògúnkẹ́yẹ kò dé ilé kó tó lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. Àwẹ̀ró padà wálé. Láti ọjọ́ náà, Àlàdé, àbúrò Ògúnkẹ́yẹ, ló ń dúró ti iná. Abẹ́ igi tó tutù lẹ́yìnkùlé ni ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ń jókòó sí, tó ń gbẹ́ èèkù àdá, tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó da ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nù. Ó ń ru èédú fúnra rẹ̀. Bó bá ti ọjà dé, ẹja ni yóò kọ́kọ́ fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ gbin tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó ń jẹun kánú, ó ń sùn, ó ń ṣọ́ òṣùpá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

"Ògúnkẹ́yẹ ti di ìyàwó Àwẹ̀ró o," ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wí.

"Ìyàwó tó mọ èèkù àdá gbẹ́ ni," ni yóò dá wọn lóhùn. "Ta ló fẹ́ rà nínú yín?"

Òjò dá. Àkókò tí ìyá dá fún wọn pé, wọ́n wá ń retí. Òṣùpá kan lé, ó wọ̀. Òmíràn lé, nǹkan oṣù Àwẹ̀ró kò yẹ̀. Ọjọ́ kan ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ògúnkẹ́yẹ tí kì í ní sùúrù fún irin pàápàá lọ jókòó tì í.

"Ta ní í gbin iṣu lónìí tó ń hú u wò lọ́la?" ó ní. "Ara rẹ dá. Ara mi dá. Jẹ́ ká máa bá a lọ."

Wọ́n ń bá a lọ. Nígbà tí òjò tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, òṣùpá lé, ó wọ̀, Àwẹ̀ró kò rí nǹkan oṣù rẹ̀. Òórùn ata díndín bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i. Ó ti fẹ́ra kù. Oyún náà sì jókòó dáadáa, bí ẹni tó bá ilé tí wọ́n ti gbá.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, ikùn rẹ̀ ti ga níwájú. Ògúnkẹ́yẹ wo oòrùn, ó rántí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lọ ra ìkòkò, ó tò wọ́n sórí àpáta láti abẹ́ igi òro títí dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Láwọyin, ó fi igbá lé ìkọ̀ọ̀kan lórí. Ní ìdájí ojoojúmọ́, òun àti Àlàdé á pọnmi odò kún wọn.

Ìlú wá rí ẹ̀rín rín. "Ògúnkẹ́yẹ, ṣé o fẹ́ gbin àpáta ni?"

Ìbíyẹmí di ọwọ́ mọ́ ìbàdí. "Bí ọmọ yìí bá wá lóru ńkọ́? Gbogbo làálàá yìí á jásí òfo."

"Bó bá wá lóru, Ẹ̀gbọ́n mi, n ó fi omi náà wẹ̀."

Ọmọ náà kò wá lóru. Ọ̀sán gangan ni. Àwẹ̀ró ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí ìrọbí mú un lójijì. Ìbíyẹmí ló wà nítòsí, òun ló figbe ta. Ògúnkẹ́yẹ sáré dé, ó gbá ìyàwó rẹ̀ mú lápá, wọ́n gba ọ̀nà àpáta. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ igi òro, Ìbíyẹmí wo àpáta tó ń kọ mànà, ó wo Àwẹ̀ró, ó wo ìkòkò. Ẹ̀rín ò sí lójú rẹ̀ mọ́. Ó já igbá gbà, ó bọ́ síwájú, ó ń bu omi dà sílẹ̀. Èéfín ń rú lórí òkúta.

"Ìyàwó, tẹ ibi tó tutù! Máa bọ̀! Tẹ ibi tí mo dà á sí!"

Ní àárín àpáta, ìrora mú Àwẹ̀ró débi pé kò lè gbé ẹsẹ̀. Ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, omi abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń gbẹ. Ìbíyẹmí ju igbá nù. Ó gbé odindi ìkòkò, ó dà á yí ẹsẹ̀ ìyàwó náà ká, òun fúnra rẹ̀ wà lórí òkúta gbígbẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó, kò tilẹ̀ mọ̀. Ìrora rọlẹ̀. Wọ́n tún gbéra. Ìyá Láwọyin ti na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, kò sì pẹ́ tí wọ́n wọlé tí igbe ọmọ fi sọ. Obìnrin ni. Ó tóbi, ó sì ń binú. Ògúnkẹ́yẹ jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, ó bú sẹ́kún bí ọmọ náà.

Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, àwọn obìnrin tó pàdé lódò rí Ìbíyẹmí tó fi aṣọ wé ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n bi í pé, "Báwo ni Àwẹ̀ró ṣe kọjá lọ́sàn-án gangan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bó?"

Obìnrin ẹlẹ́nu mímú náà mí kanlẹ̀. "Ẹni tó da omi síwájú ló tẹ ilẹ̀ tútù," ó ní. "Èmi tí mò ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi."

Ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ̀ bọ́ sí ẹnu gbogbo ìlú. Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí ìkòkò omi kì í tò sórí àpáta yẹn. Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, tí òun àti ọkọ rẹ̀ sì sọ pé àwọn fẹ́ bímọ, Ìyá Láwọyin kì í béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn kó tó béèrè pé, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ti ń da omi síwájú?" Wọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ń bi wọ́n, àti oorun, àti ọtí, àti ẹrù tó wà lórí, àti bí ọkùnrin ṣe ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Oòrùn kò ní ṣàì ràn. Àpáta kò ní ṣàì gbóná. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.