Èèkù Ọ̀bẹ Ọnàbọ̀dé

Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Àpá nígbà kan rí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gbẹ́ èèkù ọ̀bẹ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ọnàbọ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ náà o. Alágbẹ̀dẹ lè rọ irin títí kó máa kọ mọ̀nà, bí èèkù kò bá gba ọwọ́, orí àjà ni ọ̀bẹ yóò máa sùn. Alápatà tí ọ̀rá ń yọ̀ lọ́wọ́ wá bá a, Ọnàbọ̀dé fín ara èèkù tirẹ̀ kó má baà bọ́. Adẹ́mu tó ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pẹ wá, ó jẹ́ kí ìdí èèkù tirẹ̀ wú díẹ̀, ó sì lu ihò okùn sí i, kí ọ̀bẹ má baà já lé ẹni tó ń kọjá lórí. Kó tó fọwọ́ kan igi, yóò kọ́kọ́ gba ọwọ́ oníbàárà, yóò yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, yóò wo ibi tó ti le. Èèkù tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, bí bàbá bá lò ó tán, ọmọ á jogún rẹ̀.

Ọ̀bẹ tó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ ọ́ lórúkọ: Igi-ò-lè-kọ̀. Ṣùgbọ́n èèkù Igi-ò-lè-kọ̀ fúnra rẹ̀, ohun ìtìjú ni. Ó ti là, àkísà ni Ọnàbọ̀dé fi wé e fún ogún ọdún. Nígbà tó yá, ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò fẹ́ nà mọ́ láràárọ̀. Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, ìyàwó rẹ̀, ló ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra wọ́n títí wọn yóò fi nà. Bí ìka wọ̀nyẹn bá kọ̀ pátápátá, iṣẹ́ tán nìyẹn, Ọnàbọ̀dé kò sì mọ òmíràn. Ẹ̀rù ń ba Àwẹ̀ró gan-an, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà tọkàntọkàn.

“Bàbá Ìbídùn, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá yín gbẹ́ èèkù yìí.”

“Ta ni? Ṣé Láníyọnu agbẹ́dó yẹn? Ọmọ odó ni yóò gbẹ́ fún mi.”

“Ta ló máa wá gbẹ́ ẹ?”

“Igi-ò-lè-kọ̀ á gbẹ́ ti ara rẹ̀.”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. “Kó kọ́kọ́ bọ́ èyí tó wà lára rẹ̀ ná, kí n rí i.”

Ọkọ rẹ̀ bọ́ ọ lóòótọ́. Ó fi aṣọ wé irin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi ayan. Kò pẹ́ tí irin fi ya aṣọ, ó sì gé e ní àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí ojú egbò jiná, ó dá èèkù àtijọ́ padà sára ọ̀bẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbẹ́ díẹ̀, á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, á di igi náà mú wò, títí ó fi bá a lọ́wọ́ mu régí. Àmọ́ nígbà tó fi tuntun wé àtijọ́, ìbejì ni wọ́n. Ọwọ́ tí èèkù burúkú ti ká kò fún ogún ọdún, ìrísí burúkú náà ni ó ń yàn. Ọnàbọ̀dé ju igi náà sínú iná tí Àwẹ̀ró fi ń sun ìkòkò.

“Àwẹ̀ró,” ó ní, “ọwọ́ mi ti ń kú.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti jẹ́ kí ìka nà, Àwẹ̀ró fi ìṣù amọ̀ tútù lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. “Ẹ bá mi di eléyìí mú, kí n tún ìró mi ró.” Ọnàbọ̀dé dì í mú wẹ́rẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sí lára èèkù, ó ń sọ̀rọ̀ nípa alápatà kan. Ìró náà pẹ́ kó tó ró. Àwẹ̀ró rọra gba amọ̀ náà, ó sá a sóòrùn, nígbà tó gbẹ, ó gbé e tọ Láníyọnu lọ.

“Ibi tí àtàǹpàkò ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, kó wọlé. Ibi tó wú, kó wú. Má fi ọgbọ́n tìrẹ kún un.”

“Ìyá Ìbídùn, ṣé ẹ mọ ohun tí bàbá máa ń sọ nípa iṣẹ́ mi?”

“Mo mọ̀. Bá mi gbẹ́ ẹ.”

Lọ́jọ́ karùn-ún, Àwẹ̀ró gbé èèkù tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Ọnàbọ̀dé yí i síwá sẹ́yìn, ó mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ òun, ọwọ́ Láníyọnu ni. Ó tì í bọ ìdí irin, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Kí oṣù tó pé, ìka méjèèjì ti ń nà fúnra wọn. Ó ránṣẹ́ pe Láníyọnu.

“Ọ̀bẹ wo lo fi gbẹ́ ẹ?”

Láníyọnu lọ́ra kó tó yọ ọ́. Ọ̀bẹ náà kò mú, ẹnu rẹ̀ sì ti kán níbi mẹ́ta.

“Èyí tí kò lè gé iṣu sísè?”

“Òun náà ni, bàbá.”

Ọnàbọ̀dé wo Igi-ò-lè-kọ̀, ó wo Àwẹ̀ró tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nídìí ìkòkò rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí Láníyọnu mú ọwọ́ wá. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó sì ń wo ibi tó ti le.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Òkè-Àpá ti ń wí fún ẹni tó bá ní òun kò nílò ẹnìkan pé: bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.