Fèrèsé Ìyá Láoyè

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Láoyè, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, mọ òwe yìí dáadáa. Àmọ́ inú ń bí i pé Fáṣọlá da yanrìn ilé tuntun sílẹ̀ láìkọ́kọ́ wá kí òun.

Níbi ìpàdé, Fáṣọlá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ilẹ̀ mi ò gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ títì ju bí òfin ṣe wí lọ, torí bí mo bá fà sẹ́yìn..."

"Fà sẹ́yìn!" Láoyè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Òfin ò mojú ẹnikẹ́ni."

Àwọn tó fẹ́ gbà fún un dákẹ́. Fáṣọlá fa ilé rẹ̀ sẹ́yìn. Ìbínú ò jẹ́ kí Láoyè rántí pé ilé tirẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilẹ̀ náà. Nígbà tí ògiri Fáṣọlá ga tán, ó dí fèrèsé tí ìyá rẹ̀, tí kò lè rìn mọ́, ti máa ń kí àwọn tó ń kọjá.

Lọ́sàn-án gangan, Láoyè bá ìyá nínú òkùnkùn.

"Láoyè, bá mi bẹ onílé yẹn," ni ìyá wí. "Bóyá kò mọ̀ pé èèyàn ń jókòó síbí."