Fágbàmílà àti Ọ̀nà Tí Ò Lókè

"Ọ̀nà tí ò lókè, ò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́." Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, ẹ̀yin náà sì ti fi bá ọmọ yín wí. Àmọ́ ta nínú yín ló mọ gbòǹgbò ẹ̀? Ẹ má wojú ara yín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó dáa, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ rèé, iyọ̀ díẹ̀ péré la bù sí i.

Ìlú kan wà láàárín àwọn òkè Èkìtì tó ń jẹ́ Òkè-Ògbìrì. Òkè ibẹ̀ ga débi pé ẹní bá sín lórí ẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán làwọn ará ìsàlẹ̀ ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Adìẹ tó bá yé ẹyin síbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti ń lọ bá ọmọ ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Tí òkè bá dé, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì í. Tí wọ́n bá dórí òkè, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á sì gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó gun kẹ̀kẹ́ fún ogójì ọdún tí bàtà ẹ̀ ò fara kan pẹ́dà rí.

Nínú gbogbo wọn, Fágbàmílà lọ̀gá. Tó bá ń bọ̀ látorí òkè, afẹ́fẹ́ gan-an á yà fún un. Òun àti Adéṣuyì ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n jọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún odò ìsàlẹ̀ òkè bí ọ̀nì méjì. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi múra sílẹ̀ fún ìdíje ńlá kan. Ẹ ó lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà mẹ́rin. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń jáde nínú omi, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ ọgọ́sàn-án kìlómítà. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó tún fẹsẹ̀ sáré kìlómítà méjìlélógójì. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ o! Ẹní bá parí ẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n tó ta okùn dí ọ̀nà, wọ́n á fi ọ̀dà kọ orúkọ ẹ̀ sára ògiri ńlá kan, títí ayé.

Àfi bí ibà ṣe dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ó gbé Adéṣuyì lọ. Kò níyàwó, kò bímọ. Ìyá ẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Yèyé, ò bí ẹlòmíì. Ikú náà dun Yèyé wọnú egungun, àmọ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ikú lọ ni pé tóun náà bá papò dà, kò ní sẹ́ni tó máa dárúkọ Adéṣuyì mọ́ láyé. Ló bá lọ bẹ àwọn tó ń ṣètò ìdíje. Wọ́n gbà pé kí Fágbàmílà dí àyè olóògbé. Tó bá ti parí lásìkò, orúkọ Adéṣuyì ni wọ́n máa kọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò sí àtúnṣe. Wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú méjì: ọ̀nà àárín òkè Èkìtì, tàbí ọ̀nà etí òkun ní Èbúté-Iyanrìn. Ògiri wà níbi méjèèjì.

"Tòkè ni Adéṣuyì fẹ́ mú kó tó lọ," ni Yèyé wí.

"Yèyé! Ẹ gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ sọ ná." Fágbàmílà ti bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti lọ wo ti etí òkun. Ó tẹ́ bí ẹní! Tẹ́ ẹ bá da omi síbẹ̀, omi yẹn á dúró, á máa bi ara ẹ̀ pé ibo lòun tiẹ̀ ń lọ. Ta ló ń rí ẹní nílẹ̀ tó máa lọ sùn sórí àpáta?"

"Àpáta la bí ẹ sí, ìwọ ọmọ yìí."

"Tí mo bá gun àpáta tí mo yege, ti pẹrẹsẹ wá kù kí ni? Oorun ni n ó máa sùn lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ ṣáà ti wá aṣọ tẹ́ ẹ máa fi jó."

Yèyé rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló parí ọ̀rọ̀: Fágbàmílà ò lè yí i padà mọ́, kódà kó fẹ́.

Lọ́jọ́ ìdíje, bílẹ̀ ṣe ń mọ́, ó bọ́ sómi. Ó lúwẹ̀ẹ́ débi pé àwọn ẹja ń bínú ẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú àwọn tó ṣíwájú, ó fò sórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà nà tàrà níwájú ẹ̀, òkun lọ́wọ́ òsì, igi àgbọn lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sí òkè tó tó òkìtì ikán. Ó kígbe ayọ̀.

Wákàtí kìíní, ó ń fò. Nígbà tó di wákàtí kejì, itan ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ti ń fún wọn láti kékeré. Gbogbo ara ẹ̀ ń retí ibi tí ọ̀nà ti máa dà wálẹ̀, kó lè gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọ̀nà ò dà. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ atẹ́gùn òkun gbá kẹ̀kẹ́ láyà, ó sì dúró. Ó tẹ pẹ́dà, ó lọ. Ó dáwọ́ dúró, kẹ̀kẹ́ dúró. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì tẹ pẹ́dà fún wákàtí kan gbáko rí, kò sì tíì mọ̀ pé òun ò tẹ̀ ẹ́ rí.

Oòrùn gun orí. Òógùn tó ń dà lára ẹ̀, ẹ bá gbè é, á tó bomi rin oko ẹ̀gẹ́ méjì. Nígbà tó kù bí ọgọ́rin kìlómítà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, torí ohun tí ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ̀ nìyẹn tó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Ìyá kan tó ń yan ẹja létí ọ̀nà na ọrùn. "Ọmọkùnrin, kẹ̀kẹ́ bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, mà."

"Kò bàjẹ́? Ta wá ló ń gun ta nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ìtìjú gbé e gorí kẹ̀kẹ́ padà. Kò kọrin mọ́, kò kígbe mọ́. Ó ń wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo bí ajá tó sọ olówó ẹ̀ nù lọ́jà. Ì bá tiẹ̀ ṣe èyí tó gùn tó àkàsọ̀ ilé, ì bá dọ̀bálẹ̀ fún un.

Nígbà tó fi dé ibi tí wọ́n ti ń sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti di igi. Ó sáré, ó rìn, ó fà á. Nígbà tó rí ògiri lọ́ọ̀ọ́kán, oòrùn ti pọ́n. Yèyé dúró síwájú ògiri náà nínú aṣọ tuntun. Ó ku bíi gígùn ọ̀pẹ mẹ́ta kó débẹ̀ tí fèrè fi dún, táwọn ọkùnrin méjì sì ta okùn. Àyà ló fi lu okùn yẹn. Ó ṣubú sórí iyanrìn.

Yèyé yíjú sí ẹni tó ń kọ orúkọ. "Ọmọ mi, ṣé àyè ò sí lára ògiri mọ́ ni?"

"Àyè wà, ìyá. Àsìkò ni ò sí." Ó dé agolo ọ̀dà.

Yèyé wá jókòó ti Fágbàmílà nílẹ̀. Kò bínú. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé òkè wà lójú ọ̀nà ni?"

"Kò sí, Yèyé." Ó ń mí bí ẹwìrì. "Kò lókè rárá. Kò sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

Yèyé tú gèlè orí ẹ̀. Ó fi nu iyọ̀ òógùn kúrò lójú Fágbàmílà. Ó wá kọjú sí òkun, ó pe "Adéṣuyì!" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ìgbà tí ìyá ń pe ọmọ wálé wá jẹun. Ariwo òkun ga ju ohùn ẹ̀ lọ.

Látọjọ́ yẹn, ẹní bá bi Fágbàmílà léèrè bí ìdíje ṣe lọ, gbólóhùn kan náà ló ń sọ: "Ọ̀nà tí ò lókè, ò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́." Ìlú gbà á lẹ́nu ẹ̀, ó sì di òwe. Tí àgbà bá rí ẹni tó sá fún ìyà tó mọ̀, tó lọ mú ọ̀nà tó rọrùn lójú, tí kò bi ara ẹ̀ léèrè ibi tóun ti máa sinmi níbẹ̀, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún un. Wọn kì í pa á fún ọ̀lẹ. Ẹni tó lágbára, tó sì dá ara ẹ̀ lójú, ni wọ́n ń pa á fún, wọ́n sì máa ń rọra pa á ni.