Ohun Tó Sọ Ojú àti Ọwọ́ Ọ̀bọ Ilẹ̀ Íńdíà Di Dúdú

Nígbà láéláé, kí òkè yìnyín ilẹ̀ Íńdíà tó ga tó báyìí, funfun báláú ni ọ̀bọ onírù gígùn ilẹ̀ náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ náà funfun bí òwú. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwòrán rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ ní sùúrù! Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Bírjù lorúkọ ọ̀bọ tí mò ń wí yìí. Ó fẹ́ràn ẹwà ara rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, àmọ́ ó fẹ́ràn iyọ̀ ju ẹwà lọ. Iyọ̀ sì wọ́n nínú igbó wọn. Bí ẹnì kan bá rí òkúta tó ní iyọ̀ díẹ̀ lára, tẹbítará á máa lá a títí ahọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ó wá di ọjọ́ kan, àlejò dé! Yáàkì ni, màlúù onírun gígùn láti orí òkè yìnyín lọ́hùn-ún, ìlú mìíràn tó ní ọba tirẹ̀. Irun ara rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó sì ru àpò iyọ̀ ràgàjì sẹ́yìn. Gbogbo igbó tú jáde wá wò ó.

Ìyá Àgbà Sarójà, erin tó jẹ́ olórí igbó náà, kí i káàbọ̀, ó sì fún un lómi mu.

"Ẹ ṣé, Ìyá Àgbà," ni Yáàkì wí. "Lọ́dọọdún ni màá máa gbé iyọ̀ wá fún yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà. Òkè wa ni odò yín ti ń ṣàn wá. Ẹ jẹ́ kí n fi òkúta dí i níbẹ̀, kí n darí rẹ̀ sí pápá tiwa."

Háà! Ojú ẹsẹ̀ ni igbó pín sí méjì. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá adágún, ní apá kejì igbó, ń pariwo pé, "Kí la fẹ́ fi odò ṣe? Adágún ń bẹ! Ẹ gba iyọ̀!" Àwọn ará etí odò ní àwọn ò gbà láéláé.

Kamalá àgbọ̀nrín ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Àpáta kan ti yí lu ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà òjò, ẹsẹ̀ náà kò sì jinná dáadáa. Kò lè rìn dé adágún. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ló bá tiro bọ́ sáàárín agbo.

"Ẹ̀yin ará mi, ẹ wò mí o," ni Kamalá wí. "Bí ẹ bá ta odò yìí, èmi lẹ tà yẹn. Òùngbẹ ni yóò pa mí. Ẹ ó sì máa rántí mi nígbàkigbà tí ẹ bá ń lá iyọ̀ yẹn."

Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bírjù nìkan ló na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, àlejò pàtàkì, bí a bá gba iyọ̀, ta ni yóò máa pín in?"

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ jù ni," ni Yáàkì fèsì.

Bírjù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni ò mọ̀ pé ẹni tó ń pín iyọ̀ ló ń lá ọwọ́? Ó fò kúrò níbẹ̀, ó lọ sétí odò, ó ń wo òjìji ara rẹ̀ nínú omi. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ìyókù yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà!

Ìyá Àgbà Sarójà ní, "A ò ní torí iyọ̀ lu ara wa. A ó dìbò. Ìkòkò Gbà rèé, ìkòkò Kọ̀ rèé. Ẹnì kan, òkúta wẹ́wẹ́ kan."

"Bí ẹnì kan bá wá dì í lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́?" ni ẹnì kan bi í.

Béárì àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Màdó. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ àtise èso àti oje igi. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo ti se tàdáwà kan. Bí omi lásán ló rí. Bí ẹ bá ti dìbò tán, màá fi kan ìka yín kan. Bí oòrùn bá ta sí i, á dúdú kirikiri, kò sì ní ṣeé fọ̀ kúrò. Ẹni tó bá padà wá, ìka rẹ̀ mìíràn ni màá kàn. Bí oòrùn bá ti yọ, kí olúkúlùkù na ọwọ́ jáde."

Ẹ rí i? Gbogbo igbó ló gbọ́, àfi ẹni tó ń wo dígí nínú odò!

Ọjọ́ ìbò pé. Kùrukùru bo ilẹ̀, oòrùn kò tíì yọjú. Bírjù ju òkúta tirẹ̀ sínú ìkòkò Gbà, Béárì sì kan ìka rẹ̀. Bírjù wo ìka náà, kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rín pa á. "Omi lásán! Ṣé omi ni wọ́n fẹ́ fi mú èmi Bírjù?"

Ó sáré wọ inú igbó. Ó ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá fi bo ara, ó fi atalẹ̀ pupa tí àwọn ìyàwó ibẹ̀ fi ń kun ara kun ojú, etí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó padà dé, ó fi ohùn tín-ín-rín sọ̀rọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba Màdó. Ìyàwó tuntun ni mí o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi dé ni."

"Áà, ẹ káàbọ̀, ìyàwó wa!" ni Béárì wí. Òkúta tún bọ́ sínú Gbà, gbìì!

Bírjù fẹ́ tún padà wá ní àwọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n atalẹ̀ ara rẹ̀ ńkọ́? Ó wo ẹ̀yìn igi, ó rí ìkòkò ńlá kan tó kún fún omi tó mọ́ gaara. "Orí mi mà bá mi ṣe é o!" ló wí. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀, ó bọ́jú. Ó fọ etí méjèèjì, tinú tẹ̀yìn, torí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ìmọ́tótó.

Yéè! Ẹ̀yin ọmọ, ṣé omi ni? Tàdáwà tí Béárì tọ́jú pa mọ́ ni o!

Bírjù kò mọ̀. Ó kun eérú, ó di baba arúgbó tó ń wúkọ́. Ó dìbò, ó tún lọ fọ̀ ọ́ kúrò. Ó kun amọ̀ pupa, ó di àlejò tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó dìbò, ó tún lọ fọ̀ ọ́. Ó ń kọrin lábẹ́ẹ́lẹ̀ bó ṣe ń fọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n da ìkòkò jáde, òkúta Gbà ga bí òkìtì ọ̀gán. Àwọn ará adágún hó yèè. Kamalá wólẹ̀ sétí odò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú omi.

Bírjù fò gun orí àpáta. "Ẹ gbé iyọ̀ wá! Ẹ wo ọwọ́ mi, ta ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tèmi?"

Ìgbà náà gan-an ni kùrukùru là, oòrùn sì yọ gbòò!

Ìka olúkúlùkù ní àmì dúdú kan. Ti Bírjù ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ọrùn ọwọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Etí rẹ̀ dúdú. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò! Ara yòókù ṣì funfun bí ó ti wà.

Ìyá ẹ̀rín bẹ́ nínú igbó! Béárì ní, "Áà! Ìyàwó tuntun mi rèé!" Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun.

Ìyá Àgbà Sarójà gbá gbogbo òkúta dànù. "A ó tún un dì, nínú oòrùn." Ojú ti àwọn kan lára àwọn ará adágún. Wọ́n wo Kamalá, wọ́n sì ju òkúta sínú Kọ̀. Kọ̀ ló borí! Odò dúró fún onílé!

Yáàkì mi orí. "Èmi náà ò ra ọjà olè. Ẹ fún mi ní máńgòrò, màá fún yín níyọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, tayọ̀tayọ̀.

Bírjù ha ọwọ́, ó fi iyanrìn bó ojú, kò kúrò. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Kamalá, ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín."

"Òótọ́ ni, o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí," ni Kamalá wí. "Inú sì ń bí mi. Ẹsẹ̀ mi kò lè sáré fún ẹkùn. O mọ igi í gùn, ojú rẹ sì ń rí ọ̀nà jíjìn. Gòkè lọ, kí o máa ṣọ́ mi."

Láti ọjọ́ náà ni ojú, etí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà ti dúdú. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń jókòó sórí igi tí àgbọ̀nrín ń jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tó ń já ewé àti èso sílẹ̀ fún un, tó sì ń ké tantan bí ẹkùn bá yọjú. Bí àwọn èèyàn ibẹ̀ bá sì dìbò lónìí, tí wọ́n ń jáde pẹ̀lú tàdáwà lórí ìka kan, ọ̀bọ á máa wò wọ́n láti orí òrùlé. Á wo ìka wọn, á wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, á sì rọra ki ọwọ́ náà bọ abíyá.